Àgbàdo Ni Wọ́n Fún Wa

"Àǹtí, ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé Atlanta tí ẹ wà yẹn ni wọ́n ti ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nìyẹn, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà. Ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ àṣekágbá tó mú ni kẹ̀kẹ́ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tó ń dá rìn, tó gbé kámẹ́rà sórí, tí yóò máa lọ láàárín ebè, tí yóò sì máa ya àwòrán oko náà bó ṣe ń lọ kó lè mọ ọ̀nà padà. Mo bi í pé kí ni wọ́n ṣe ní Atlanta. Ó ní GTSAM. Mo ní n kò gbọ́ ọ rí. Ó ní, "Georgia Tech ni G àti T yẹn, Àǹtí. Ẹ bá mi wò ó bóyá ó jìnnà sí yín."

Kò jìnnà. Láti Indian Creek, níbi tí ojú irin ìlà-oòrùn parí sí, ni mo ti máa ń wọ reluwé MARTA láàárọ̀. Mo máa ń yí sí òmíràn ní Five Points, mo sì máa ń sọ̀ ní Midtown. Bí mo bá dúró lójú fèrèsé níbi iṣẹ́, mo ń rí títì márosẹ̀ ńlá tí àwọn ará ìlú ń pè ní Connector, mo sì ń rí ilé ìṣọ́ àtijọ́ tí wọ́n kọ TECH sí lára ní òdìkejì rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wo ilé náà láìmọ̀ pé ohun kan ti inú ọgbà yẹn jáde tí ọmọ ilé wa yóò wá nílò ní oko àgbàdo nílẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ohun tí GTSAM ń ṣe rọrùn láti sọ ju bó ṣe rọrùn láti ṣe lọ. Róbọ́ọ̀tì tó bá wọ ibi tí kò dé rí kò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí, kò sì mọ apá ibi tí òun alára wà níbẹ̀. Bó bá mọ ọ̀kan, ìkejì ì bá rọrùn; kò sì mọ ọ̀kankan. Ohun tó ní lọ́wọ́ kò ju ìwọ̀n lọ: táyà ní òun ti yí tó báyìí, kámẹ́rà ní òun rí òpó kan lọ́wọ́ òsì. Kò sì sí ìwọ̀n tí kò ní àṣìṣe díẹ̀ nínú. GTSAM ń mú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bí okùn tí a fi so ibì kan mọ́ ibòmíràn, ó ń fa gbogbo okùn náà pọ̀, títí yóò fi rí ibi tí gbogbo wọn ti bára mu jù. Bí róbọ́ọ̀tì bá rìn yíká tó sì tún padà rí òpó àkọ́kọ́, okùn kan ṣoṣo yẹn lè tún gbogbo ìrìn ẹ̀yìn ṣe. Frank Dellaert, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Georgia Tech, àti Michael Kaess tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà náà, gbé ìwé ìwádìí pàtàkì kan jáde lórí ọ̀nà yìí ní 2006. Kóòdù náà kò sì wà nínú àpótí títì. Abẹ́ ìwé-àṣẹ BSD ló wà, èyí tó fún ẹnikẹ́ni láyè láti gbà á, láti lò ó, láti yí i padà, àní láti tà á, bó bá ṣáà ti fi orúkọ àwọn tó ni ín sílẹ̀ níbẹ̀.

Láíbìrì ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ilé ìkówèésí. Àkójọ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ ni, tí sọ́fítíwíà tìrẹ lè máa pè kó wá bá a ṣe é, kí ìwọ má baà bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ọ̀nà méjì ló sì ń gbà dé ọwọ́ ènìyàn. Nígbà míràn wọ́n á ti kọ́ ọ tán, ìwọ kàn máa gbé e sínú ẹ̀rọ rẹ ni. Nígbà míràn kóòdù orísun ni wọn yóò fún ọ, èdè tí ènìyàn lè kà, ìwọ ni yóò sì sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ tìrẹ lè jẹ. Èkíní ni ẹ̀kọ tí a ti fi ewé eéran dì. Èkejì ni àgbàdo.

Àgbàdo ni ọmọ yìí nílò, torí pé ó fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Ohun tó ń díwọ̀n ìyí táyà rẹ̀ jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, àṣìṣe rẹ̀ sì ní ìrísí tirẹ̀. Láti jẹ́ kí láíbìrì náà mọ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí ó ṣí kóòdù, kó kọ apá kan sí i, kó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ́. Ó ní kí n bá òun gbìyànjú rẹ̀ wò ná, nítorí èmi ni mo ní iná tí kì í lọ.

Mo ní láti sọ ti ìyá mi níhìn-ín. Nígbà tó wá kí wa ní oṣù Kìíní ọdún kan, ó ní ògì tí a ń rà ní páálí kò ní ìtọ́wò, òun yóò ṣe é fúnra òun. Mo sáré lọ sí ilé ìtajà tó sún mọ́ wa, mo ra àgbàdo dídì. Ó ju hóró kan sẹ́nu, ó ní, "Èyí dùn. Jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ògì kò lè ti inú rẹ̀ jáde." Ní Buford Highway, nínú ìsọ̀ àwọn ará Mexico, ni a ti wá rí àgbàdo funfun gbígbẹ tó ní sítáàṣì dáadáa. Ó rẹ ẹ́. Nílé, ọjọ́ kẹta ni ó máa ń lọ̀ ọ́. Ọjọ́ kẹta pé nílé wa ní Decatur, ó fi èékánná tẹ hóró kan, kò rọ̀; ó tọ́ omi rẹ̀ wò, kò kan. N kò gbọ́ kó bínú sí àgbàdo tàbí sí ìkòkò. Ó ní, "Omi ibí tutù," ó gbé ìkòkò náà sún mọ́ ibi tí ooru ti ń tú jáde lára ògiri, ó sì fi ọjọ́ méjì kún un. Ẹ̀rọ ìlọta tí kò ju agolo ńlá lọ ni ó fi lọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀, ní ìgbà mẹ́rìnlá. Kò sí aṣọ asẹ́. Gèlè àtijọ́ kan ló fi sẹ́ èérí kúrò. Ní àárọ̀ kejì, ògì wà lábẹ́ omídùn, ó funfun, ó jọ̀lọ̀. Ògì ni, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kí ó tó dé ibẹ̀ kò jọ ohun tó ń ṣe nílé, àfi ní orúkọ.

Ìyá mi ni mo ń rántí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi kọ́ láíbìrì yẹn lórí ẹ̀rọ mẹ́ta.

Orí Linux ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà mi tó ń lo Ubuntu. N kò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀ nítorí kò fún mi ní wàhálà. Mo ní kí ẹ̀rọ lọ gbé Boost wá, láíbìrì mìíràn tí ẹ̀dà tí a lò gbára lé; mo ṣẹ̀dá fóldà kan tí mo pè ní build; mo ní kí CMake wo àyíká, kó sì kọ ètò iṣẹ́ sílẹ̀; mo tẹ make. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú mi pẹ̀lú ìdá ọgọ́rùn-ún tó ń gòkè. Kí n tó se ìrẹsì tán, ó ti parí. Mo kọ̀wé sí ọmọ náà pé kò le rárá. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n tíì sọ nìyẹn.

Ẹ̀rọ kejì ni Mac tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́. Oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni Apple bẹ̀rẹ̀ sí í ta Mac tó ní ọpọlọ M1, tó yàtọ̀ sí ọpọlọ Intel tí wọ́n ti ń lò láti 2006. Láti ìgbà náà ni èdè inú àwọn Mac tuntun ti yàtọ̀ sí ti àwọn àtijọ́. Nígbà tí mo gba tuntun, mo kó gbogbo ẹrù mi láti inú ti àtijọ́ sínú rẹ̀, Boost sì bá wọn wọlé. Nítorí náà, Boost méjì ló wà nínú ilé kan: ti àtijọ́ ní /usr/local, ti tuntun ní /opt/homebrew, níbi tí Homebrew, irinṣẹ́ tó ń bá wa gbé sọ́fítíwíà sínú Mac, ti ń kó nǹkan sí lórí àwọn Mac tuntun. CMake rí ti àtijọ́, ó gbà á. Orúkọ bára mu, ẹ̀dà bára mu, gbogbo fáìlì pé. Ìgbà tí iṣẹ́ dé ibi tí a ti ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ọ́n: arm64, èdè àwọn tuntun, ni òun ń kọ́; x86_64, èdè Intel, ni èyí tí o gbé fún òun.

Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní Atlanta yìí. O ó pàdé ọmọ kan níbi ìkómọ ní Stone Mountain, wọ́n á ní Adéọlá ni, ojú rẹ̀ á jọ ti bàbá rẹ̀ tí ẹ jọ dàgbà. O ó kí i, "Ọlá, báwo ni?" Yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì wo ìyá rẹ̀ pé kó bá òun túmọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ọmọ náà. Ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ ni.

Mo yọ ti àtijọ́ kúrò, mo pa fóldà build rẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó parí.

Ẹ̀rọ kẹta ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Lápútọ́ọ̀pù ọkọ mi ni, Windows ló wà lórí rẹ̀, Windows náà ló sì wà lórí ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà yẹn. Gbogbo fóldà tí mo ń kó irú iṣẹ́ yìí sí, níbikíbi, orúkọ kan náà ni mo máa ń fún un: Iṣẹ́. Mo máa ń fi àmì sí i, nítorí olùkọ́ tó kọ́ mi ní Yorùbá ní ilé-ìwé girama kò gba ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò fi í sílẹ̀. Linux gbà á. Mac gbà á. Lórí Windows, ọ̀kan lára àwọn irinṣẹ́ tí iṣẹ́ náà ń gbà kọjá ní òun kò rí ọ̀nà. Mo wo ọ̀nà tó tẹ̀ jáde. Níbi tí ṣ àti ẹ́ yẹ kó wà, àmì ìbéèrè ló wà níbẹ̀.

Windows fúnra rẹ̀ mọ lẹ́tà wa. Unicode, àkójọ ńlá tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ló fi ń pa orúkọ fáìlì mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà méjì ló ní. Àwọn irinṣẹ́ àtijọ́ ń gba ẹnu ọ̀nà àtijọ́ wọlé, níbi tí àkójọ lẹ́tà kan wà tí wọ́n ń pè ní 1252, tí kò lè gbà ju àyè 256 lọ. Àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún. É ti àwọn Faransé wà níbẹ̀, ñ ti àwọn ará Spain wà níbẹ̀. Ṣ kò sí níbẹ̀. Ẹ kò sí níbẹ̀. Ohun tí kò bá sì sí nínú àkójọ ń di àmì ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ Windows kò gba àmì ìbéèrè nínú orúkọ fáìlì. Fóldà tí irinṣẹ́ yẹn ń wá kiri, kò lè sí láyé.

Mo jókòó sí ìdí rẹ̀ pẹ́. Kò tilẹ̀ tán síbẹ̀, nítorí Linux tí mo ní ó gbà á ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó wà lẹ́yọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ tó ní àmì òkè, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀ kí a tó gbé àmì lé e lórí. Ẹlòmíràn lè ti ara é bẹ̀rẹ̀ kó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn lè mú e lásán kó gbé àmì méjèèjì lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Linux kì í fi ojú wò ó; báìtì ló ń kà. Fóldà méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Iṣẹ́ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí iṣẹ́ wà nínú ọ̀kan, kí ìkejì ṣófo. Ètò ìpamọ́ fáìlì tí Mac ń lò tẹ́lẹ̀, HFS+, ní tirẹ̀ máa ń tú gbogbo irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ètò mẹ́ta, ìwà mẹ́ta, lórí ọ̀rọ̀ tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ.

Mo yí orúkọ fóldà náà padà sí ise. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ti ń kọ èyí, nítorí "ise" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan. Kì í ṣe iṣẹ́, kì í ṣe ìṣẹ́, kì í ṣe ìṣe. Ẹnikẹ́ni kò jókòó kó ní òun fẹ́ yọ wá sílẹ̀. Kò ṣáà sí ará ilé wa níbi tí wọ́n ti ń ka àwọn tó máa jókòó, nígbà tí àga kò ju 256 lọ.

Nígbà tí ọ̀nà yẹn là, òmíràn dé. Àwọn kọ̀ǹpáílà, àwọn ògbufọ̀ tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, kò ti ilé kan náà wá. Lórí Linux, GCC ló wọ́pọ̀, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Richard Stallman ní 1987. Lórí Mac, Clang ni. Lórí Windows, ti Microsoft ni. C++ kan náà ni gbogbo wọn ń kà, ṣùgbọ́n bí ará Ìjẹ̀ṣà, ará Ẹ̀gbá àti ará Ọ̀yọ́ ṣe ń ka Yorùbá kan náà ni. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú C++ tó ń jẹ́ long, tó ń sọ bí àyè tí a ó fi nọ́ńbà sí yóò ṣe tó: lórí Linux àti Mac òde òní, báìtì 8 ni, lórí Windows, báìtì 4 ni. Nọ́ńbà tó bá kún àyè 8 kò lè wọ àyè 4. Ẹni tí kò bá mọ̀, tó kọ kóòdù rẹ̀ sílé kan ṣoṣo, yóò máa rò pé òye kan náà ni gbogbo ayé ní.

Tèmi kò tilẹ̀ dé ibi long. Mo ti kọ apá tí ọmọ náà fẹ́ fi kún un, ó ti ṣiṣẹ́ lórí Linux, ó ti ṣiṣẹ́ lórí Mac. Windows kọ́ gbogbo láíbìrì náà tán, ó dé orí ètò kékeré tó fẹ́ pe apá tèmi, ó dúró. LNK2019: a kò rí ẹni tí ẹ ń pè. Mo ní báwo? Ó wà níbẹ̀. Mo rí i níbẹ̀. Alẹ́ méjì ni mo fi wá a. Bí láíbìrì bá di odindi lórí Linux, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ láti ìta, àfi èyí tí o bá fi pamọ́. Lórí Windows, gbogbo rẹ̀ ló wà ní ìpamọ́, àfi èyí tí o bá dárúkọ. Àwọn tó kọ GTSAM mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iwájú orúkọ àwọn apá tó yẹ kó jáde síta ni wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ kan sí, GTSAM_EXPORT. Mo ti rí ọ̀rọ̀ náà níbi púpọ̀ nínú kóòdù wọn, mo sì rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. N kò fi síwájú tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Àṣìṣe tèmi ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ ọ sórí Linux. Linux kò sọ fún mi nítorí Linux kò nílò kí n mọ̀. Ará Ìjẹ̀ṣà kì í mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ni òun ń sọ títí yóò fi dé Ìbàdàn. Láti alẹ́ yẹn ni ojú tí mo fi ń wo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti yí padà. Mo lọ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú GTSAM: bí ẹnikẹ́ni bá mú àtúnṣe wá, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ kọ́ gbogbo rẹ̀ lórí Linux, á kọ́ ọ lórí Mac, á kọ́ ọ lórí Windows, á sì dán an wò lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnì kan ló jókòó tó ṣètò ìyẹn, fún àǹfààní ẹni tí kò ní rí láéláé. CMake tó ń jẹ́ kí ìwé ètò kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ nínú gbogbo ilé wọ̀nyí, nítorí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀: ní nǹkan bí ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Kitware ń bá ilé ìkówèésí ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà ṣe sọ́fítíwíà àwòrán inú ara ènìyàn, àwọn onímọ̀ tí yóò lò ó sì wà lórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Ìwé-àṣẹ BSD ló ní kí a máa lo GTSAM. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló jẹ́ kó ṣeé lò. N kò rò pé a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tó.

Mo fẹ́ gba wàhálà yìí lọ́rùn ọmọ náà. Ní àkókò yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti bá a gbé Ubuntu sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows lórí lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, nítorí irinṣẹ́ Windows tí yóò gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ì bá jẹ dátà oṣù kan lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ó yá, Ubuntu ni tèmi náà, jẹ́ kí n fi èyí tí mo ti kọ́ tán ránṣẹ́. Mo di ẹ̀kọ fún un. Ó gbà á, ó gbé e sí ipò, ó tẹ bọ́tìnì. Illegal instruction, ètò náà sì kú.

Nígbà tí mo ń kọ́ tèmi, mo ti sọ fún kọ̀ǹpáílà pé kó lo gbogbo agbára tó bá rí nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà mi, kí iṣẹ́ lè yá. Ó gbọ́ràn. Ó lo àṣẹ tó wà nínú ọpọlọ tèmi. Tòkunbọ̀ ni lápútọ́ọ̀pù ọmọ náà, ọpọlọ rẹ̀ ti wà láyé kí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ tó dé. Ohun tí mo kọ́ dára, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ilé mi ni mo fi kọ́ ọ.

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi kọ́ ọ. Ẹ ṣáà kọ bí mo ṣe máa ṣe é sílẹ̀ fún mi."

Mo kọ ọ́ ní Yorùbá. Ìlà mẹ́tàlá. Ó gbà mí ní ọjọ́ ìsinmi kan gbáko, nítorí mo fẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí yóò rí bí nǹkan bá lọ dáadáa, àti ohun tí yóò rí bí kò bá lọ dáadáa. Àwọn ìtọ́sọ́nà tó kù nínú ayé mi kò sọ èkejì rárá.

Aago méje alẹ́ lọ́dọ̀ wa, aago méjìlá òru lọ́dọ̀ wọn, ni a bẹ̀rẹ̀, nítorí òru ni dátà kì í wọ́n. Kóòdù orísun wà nínú fláàṣì tó gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sí ìlà kẹsàn-án pé kó tẹ make -j8, kí iṣẹ́ mẹ́jọ máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà bí mo ti ṣe nílé. Kò pẹ́ tí lápútọ́ọ̀pù náà fi dákẹ́, ọ̀rọ̀ kan sì jáde: Killed. RAM rẹ̀ kò ju gígábáìtì 4 lọ. Fáìlì C++ kan ṣoṣo nínú irú iṣẹ́ yìí lè gba ju gígábáìtì kan lọ nígbà tí wọ́n bá ń túmọ̀ rẹ̀, mo sì ti ní kó ṣe mẹ́jọ pọ̀. Mo ní, "Má jẹ́ kó yára. Tẹ -j1." Ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdá ọgọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bí ìgbín tó ń gun igi.

Ní ìdá 31, iná lọ. Bátìrì rẹ̀ kò lágbára. Òkùnkùn bo gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí iná padà, ó pè mí pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti gbà fún Ọlọ́run. Mo ní kó tún tẹ make. Kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ó fo gbogbo èyí tó ti ṣe, ó tẹ̀síwájú ní ibi tó dúró sí. Mo gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Stuart Feldman ló kọ make ní Bell Labs ní 1976. Alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kan, Steve Johnson, ti fi odindi àárọ̀ wá àṣìṣe nínú kóòdù tó ti tún ṣe, láìmọ̀ pé ẹ̀dà àtijọ́ ni ẹ̀rọ ṣì ń lò. Ó wá bínú wọ ọ́fíìsì Feldman. Feldman bá ṣe ohun tó ń wo aago fáìlì: bí orísun bá tuntun ju ohun tí a fi ṣe lọ, tún un ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fi í sílẹ̀. Kò lè ti máa ro ilé-ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ Ọ̀yọ́ tí iná ń lọ ní òru. Ṣùgbọ́n ó ṣe é, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa.

Iná tún lọ ní ìdá 58. Nígbà tó padà lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ náà ní, "Àǹtí, ó ń tún èyí tó ti ṣe ṣe." Lóòótọ́, láti ìdá 31 ni ó ti ń tún un ṣe. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ ọ́n. Bátìrì kékeré tó ń gbé aago inú lápútọ́ọ̀pù náà ti kú. Nígbà tí iná kọ́kọ́ lọ, aago rẹ̀ ti padà sí ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ náà sì ti pa dátà kó má baà jẹ tán, nítorí náà kò sí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò bá a tún un ṣe. Gbogbo fáìlì tó kọ́ láàárín àkókò yẹn ló gbé ọjọ́ àná ayé rù. Lójú make, wọ́n ti wà kí orísun wọn tó wà; ọmọ tó ju ìyá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Ó kọ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n tún wọn bí. Bí mo ti ń ṣàlàyé rẹ̀ fún un ni mo ń rí i pé make kò ṣe ohun tó burú. Ohun tí wọ́n ní kó máa wò ni ó wò.

Ó tan dátà, aago tọ́, ó tẹ make. Mo sùn lọ lórí àga pẹ̀lú fóònù létí. Ohùn ìpè ìrun àárọ̀ láti mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé wọn ló jí mi. Aago méjìlá òru ti kọjá ní Georgia. Ó ti ń ṣe make check, ìdánwò kọ̀ọ̀kan ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, Passed, Passed, ó sì ń ka orúkọ wọn sí mi létí jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ka orúkọ ọmọ níbi ìkómọ. Apá tó fi kún un wà nínú wọn. Ó ní, "Ẹ lọ sùn, Àǹtí. Ẹ kú wàhálà mi."

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó fi ìwé ìtọ́sọ́nà mi ránṣẹ́ padà sí mi. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wọn fẹ́ kọ́ láíbìrì náà sórí lápútọ́ọ̀pù tirẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ kí n wò ó bóyá àtúnṣe tí òun ṣe dára kí òun tó fún un. Ó ti pa -j8 rẹ́, ó kọ -j1 sí ipò rẹ̀. Ó ti kọ ọ́ sí ìlà kejì pé kí orúkọ fóldà má ní àmì, ó sì fi kún un pé, "fún ìgbà díẹ̀ ná." Ìlà mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀ báyìí. Èyí tó fi kún un ni ó gbé lọ sókè pátápátá, ṣáájú gbogbo tèmi: "Kọ́kọ́ wo aago."